Ohùn ni kó rọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀: bí a ṣe ń dá ẹni tó rí wa fín lóhùn

Aṣọ ni mo ń tà ní ọjà Gbági, ní Ìbàdàn. Ní ọjọ́ kan tí ọjà kún, obìnrin kan wọlé láìkí ẹnikẹ́ni, ó ju àǹkárá tó rà lọ́wọ́ mi ní ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú sórí káńtà, ó ní olè ni mí. Ó ní yáàdì 6 lòun sanwó fún, aṣọ kò pé, irú wa ló ń ba ìlú jẹ́. Oníbàárà mẹ́ta ló dúró tó ń wò wá. Mo dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Mi ò ní tún ohun tí mo sọ sọ níbí, àmọ́ mo dárúkọ ìyá rẹ̀ nínú rẹ̀. A pariwo títí àwọn ará ìsọ̀ òdìkejì fi wá là wá. Ìgbà tí ilẹ̀ rọ̀ tán ni ẹnìkan tó wá ní, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti wọn aṣọ náà? A wọ̀n ọ́n. Ó fi ìdajì yáàdì dín. Ọmọ iṣẹ́ mi ló fi ìkánjú wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ tó rà á.

Obìnrin náà rí mi fín, òótọ́ ló sì ń sọ. Ẹnu kan náà ni méjèèjì ti jáde, ṣùgbọ́n èébú rẹ̀ ti di mí létí débi pé mi ò gbọ́ òótọ́ tó wà nídìí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ́ ara mi ní ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí: bí ohùn ṣe lè rọ̀ kí ọ̀rọ̀ má rọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹni tó bá ń fi sùúrù sọ̀rọ̀ ti gbà kí wọ́n rẹ́ òun jẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ohùn yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀, ìyàtọ̀ yẹn ni gbogbo iṣẹ́ yìí sì dúró lé.

Ara ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú

Kí èsì tó dé ẹnu, ara ti mọ̀. Àyà á máa lù kìkì, etí á gbóná, ọwọ́ á fẹ́ gbọ̀n. Ara ti múra ìjà sílẹ̀ nìyẹn, ẹni tí ara rẹ̀ bá sì wà báyìí kì í ronú dáadáa. Ní 2015, dókítà ọmọ ìkókó kan, Arieh Riskin, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Ísírẹ́lì jáde. Wọ́n kó ikọ̀ 24 jọ, dókítà àti nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé ni wọ́n, wọ́n sì fún wọn ní ìdánrawò lórí ọmọ tí kì í ṣe ọmọ gidi. Fún àwọn kan lára ikọ̀ wọ̀nyí, àlejò onímọ̀ kan sọ ọ̀rọ̀ àbùkù sí iṣẹ́ ìṣègùn orílẹ̀-èdè wọn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ò mọ àìsàn ọmọ náà dáadáa tó àwọn tí kò gbọ́ ọ, ọwọ́ wọn ò sì já gaara nínú ìtọ́jú. Bó bá lè rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ṣẹ́ láti gba ẹ̀mí ọmọ là, a mọ̀ pé kì í ṣe ìwà burúkú nìkan ló ń mú kí èèyàn sọ̀sọkúsọ nígbà tí wọ́n bá bú u. Orí kì í dúró dáadáa nígbà náà. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e fún ìṣẹ́jú kan.

Ohun tí mo ń ṣe nìyí. Mo máa ń jẹ́ kí èémí mi jáde pẹ́. Bí mo bá fà á wọlé títí mo fi ka mẹ́rin, mo máa ń tú u jáde títí n ó fi ka mẹ́fà tàbí mẹ́jọ. Jíjáde yẹn ló ṣe pàtàkì, òun ló ń mú kí àyà dẹwọ́ nínú lílù. Èmi máa ń gbé ejìká wálẹ̀, torí kì í pẹ́ tí inú bá ń bí mi tí ejìká mi á ti dé etí. Lẹ́yìn náà, mo wá nǹkan fún ọwọ́ mi ṣe: mo mú aṣọ tó wà nítòsí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká a. Ọwọ́ tó ń ká aṣọ kò ní nàka sójú ẹnikẹ́ni. Bó bá jẹ́ ọ́fíìsì ni ẹ wà, ẹ to ìwé. Bó bá jẹ́ ilé ìdáná ni, ẹ nu àwo.

Ohun kejì ni pé kí ẹ ti yan gbólóhùn àkọ́kọ́ yín láti ilé. Tèmi ni "Mo ń gbọ́ yín, mà." Mo ti sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnu mi fi lè sọ ọ́ láìbi orí mi léèrè. Kì í ṣe ìdáhùn. Ó kàn ń gba àyè fún ara láti tutù ni. Ẹ yan tiyín, kó kúrú, kó má sì ní "ṣùgbọ́n" nínú.

Ẹsẹ Ifá sọ ìtàn Ìwà, ìyàwó Ọ̀rúnmìlà, tó kó kúrò nílé nígbà tí ọkọ rẹ̀ ò tọ́jú rẹ̀ mọ́, tí ọkọ sì wá a káàkiri. Sùúrù ni bàbá Ìwà nínú ìtàn náà. Mo máa ń ronú sí i nígbà tí mo bá ń ká aṣọ yẹn, pé kò sí bí èèyàn ṣe fẹ́ rí ọmọ láìkọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ bàbá.

Ṣé àrífín ni lóòótọ́?

Èdè wa ò fi orúkọ kan ṣoṣo pe nǹkan wọ̀nyí, kí àwa náà má sì kà wọ́n sí ọ̀kan. Ọ̀yájú ni ti ọmọdé tó sọ sí àgbà bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Àfojúdi ni ti ẹni tó mọ ohun tó tọ́, tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe òdìkejì rẹ̀ lójú yín. Èébú, ẹnu lásán ni. Ìwọ̀sí ló wúwo jù, torí ó ń sọ èèyàn di ẹni tí kò jámọ́ nǹkan lójú àwùjọ. Èébú lè kọjá láìgba èsì kankan. "Ìyá ẹ!" tí kọ̀ńdọ́kítọ̀ jù láti ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ kò mọ ìyá yín, kò sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìwọ̀sí kò gbọ́dọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀, ó gba kí a pe ẹni náà sí kọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà, kí a sọ ọ́ fún un. Ẹ fún un ní orúkọ nínú ọkàn yín kí ẹ tó dáhùn. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí ẹ fi ń wá orúkọ yẹn gan-an wúlò.

Apá kan sì wà tí kì í ṣe àrífín rárá. Ẹni tó bá ń dúnàádúrà lè sọ pé aṣọ mi ti ṣá, pé mo fẹ́ fi owó rẹ̀ kọ́lé. Ìnájà nìyẹn, kó sọ ọ́ kí n sọ tèmi. Àwọn kan wà tí ohùn wọn ga láti ilé wọn, tí wọ́n bá ń kí ọ gan-an, ó jọ pé ìjà ni. Ẹni tó fi ọwọ́ òsì na owó sí yín lè jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì. Ẹni tó wọlé tí kò kí yín lè ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ilé ìwòsàn.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù wá kí wa nílé. Ó wọlé tọ ìyá wa àgbà lọ, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé o ti jẹun?" Gbogbo ilé dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ lu ọmọ. Ẹ wò ó bó ṣe rí: lẹ́nu ìyá àti bàbá rẹ̀ nìkan ló ti ń gbọ́ Yorùbá, "o" ni wọ́n sì fi ń bá a sọ̀rọ̀, bó ṣe tọ́ kí òbí bá ọmọ sọ̀rọ̀. Kò sí àgbà kankan nílé wọn lọ́hùn-ún tó lè gbọ́ kí wọ́n máa pè ní "ẹ". Ohun tí etí rẹ̀ gbà wọlé lẹnu rẹ̀ sọ jáde, ìfẹ́ ló sì fi sọ ọ́. Ìyá àgbà ló mọ̀ ọ́n. Ó fà á mọ́ra, ó ní, "Mo ti jẹun, ọmọ mi. Ìwọ ńkọ́?" Ó tó ọjọ́ mélòó kan kó tó jókòó tì í, tó wá kọ́ ọ ní "ẹ".

Ẹ kí i, kí ẹ sì di "ẹ" mú

Ẹni tó wá jà kò rò pé a ó kí òun. "Ẹ kú oòrùn yìí, mà." "Ẹ kú ìrìn." "Ẹ kú wàhálà." Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun tí Yorùbá ò ní "ẹ kú" fún, láti kékeré sì ni wọ́n ti kọ́ gbogbo wa pé bí wọ́n bá kí wa, ká dáhùn. Bí inú ṣe ń bí i tó yẹn, ẹnu rẹ̀ á ti dáhùn kó tó rántí pé ìjà lòun bá wá. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà. Kì í pa ìbínú, ó kàn ń ṣẹ́ ẹ níbi tó ti ń sáré bọ̀ ni.

Lẹ́yìn ìkíni, ìjókòó. "Ẹ jókòó ná, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ bó ṣe jẹ́." Ó ṣòro fún ẹni tó jókòó láti pariwo tó ẹni tó dúró. Bí omi tútù bá wà, ẹ gbé e sílẹ̀ níwájú rẹ̀ láìfi dandan lé e. Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ sọ ni "Ẹ fara balẹ̀!" Mo mọ̀ pé òun ló máa ń kọ́kọ́ wá sí ẹnu. Lójú ẹni tí inú ń bí, àṣẹ nìyẹn, ó sì tún dà bí ẹni pé ẹ ń pè é ní wèrè. Ẹ lè sọ ohun kan náà nípa pé kí ẹ̀yin gan-an fara balẹ̀ níwájú rẹ̀.

Ní ti "ẹ", mo ní àṣà kan tí mo fẹ́ kí ẹ dán wò. Bí ọmọ tí mo lè bí bá yájú sí mi, mo máa ń fi "o" sílẹ̀, mo máa ń bọ́ sórí "ẹ". "Ẹ ṣeun. Kí lẹ fẹ́ kí n bá yín ṣe?" Ṣe ni mo gbé àyè sí àárín wa. Lórí "o", èmi àti ọmọ náà lè jà bí ọmọ ilé kan. Lórí "ẹ", àlejò ni wá sí ara wa, àlejò sì gbọ́dọ̀ ṣọ́ ẹnu. Ọ̀pọ̀ lára wọn máa ń gbọ́ ọ, ojú á sì tì wọ́n. Ẹ má fi ẹ̀rín ẹlẹ́yà sọ ọ́ o. Ẹ má sì ṣe é fún ọmọ tiyín, torí tí ìyá bá ń pe ọmọ rẹ̀ ní "ẹ" nínú ìbínú, ìyẹn ti di nǹkan mìíràn.

Ẹ yọ ẹ̀sùn kúrò nínú èébú

Apá yìí ni mo kùnà lọ́jọ́ aláǹkárá, tọkàntọkàn sì ni mo fi ń kọ ọ́.

Nínú ọ̀rọ̀ ẹni tó ń bínú, ẹ̀sùn kan sábà máa ń wà nísàlẹ̀. "Olè ni ẹ́, irú yín ló ń ba ìlú jẹ́, yáàdì 6 ni mo sanwó fún, kò pé!" Gbólóhùn mẹ́rin nìyẹn. Méjì jẹ́ èébú, méjì ni ẹ̀sùn. Ẹ jẹ́ kí méjì àkọ́kọ́ kọjá bí ọkọ̀ tí kì í ṣe ọ̀nà yín ló ń lọ, kí ẹ sì mú méjì ìkẹyìn. Lẹ́yìn náà, ẹ tún ẹ̀sùn náà sọ fún un ní ohùn yín: "Ohun tí ẹ ń sọ ni pé yáàdì 6 lẹ sanwó fún, aṣọ tí mo gé fún yín ò tó bẹ́ẹ̀. Ṣé bó ṣe rí nìyẹn?" Ó máa ń yani lẹ́nu bí ohùn ẹni náà ṣe ń wálẹ̀. Ohun tó ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn pariwo ni pé wọ́n rò pé a ò gbọ́ wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wọ̀n ọ́n. Ohunkóhun tó bá ṣeé wọ̀n, tó ṣeé kà, tó ṣeé wò nínú ìwé, ẹ wò ó kí ẹ tó sọ ẹni tó jàre. Ìwé rìsíìtì, iye owó, ọjọ́ tí ẹ dá fún un. Kí ẹ má sì dá a wò. Ẹ jẹ́ kí ẹni náà fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí "ẹ má bínú", torí mo rí i pé ó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú, pàápàá àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n gbé lọ́dọ̀ wa láti kọ́ṣẹ́. Wọ́n ní àwọn ò lè sọ ọ́ nígbà tí àwọn ò jẹ̀bi. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe rí: pé kí inú má bí ọ. Kò sí ẹ̀bi nínú rẹ̀. A ń sọ ọ́ fún ẹni tí ọkọ̀ ẹlòmíràn fẹ́ kọ lù, à ń sọ ọ́ fún ẹni tí òjò pa. Ẹ lè sọ ọ́ ní gbogbo ìgbà láìtú ara yín fó. Ohun tó ń gba ẹ̀bi ni "àṣìṣe mi ni" àti "mo jẹ̀bi", ẹ má sọ wọ́n láìjẹ́ pé òótọ́ ni. Bó bá sì jẹ́ òótọ́, ẹ sọ wọ́n tán, ẹ má fi "ẹ má bínú" bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ fi ìdajì yáàdì dín kò nílò "ẹ má bínú" nìkan. "Àṣìṣe wa ni, mà. Ẹ gba ìdajì yáàdì yín" ló yẹ ẹ́.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti gbọ́dọ̀ le

Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí owó bébà wọ́n gan-an nítorí pípààrọ̀ owó náírà, ọ̀pọ̀ oníbàárà ti kó sórí tiránsífà, wọn ò sì padà mọ́. Ìjà tó pọ̀ jù lọ́jà wa báyìí, lórí alẹ́ẹ̀tì ni. Owó ti kúrò lọ́wọ́ oníbàárà, fóònù rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀, tèmi ò tíì dún. Ó fẹ́ gbé aṣọ lọ. Mi ò lè jẹ́ kó gbé e lọ, torí mo ti pàdánù bẹ́ẹ̀ rí. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, á ti bi mí bóyá mo rò pé olè lòun, bóyá mo mọ ẹni tí òun jẹ́.

Ohun tí mo ń sọ rèé: "Mo gbà yín gbọ́, sà. Mo rí i lórí fóònù yín. Báńkì ni kò tíì fún mi ní ìròyìn. Ẹ jẹ́ ká jọ dúró dè é." Ẹ wo bí mo ṣe gbé e kalẹ̀. Mi ò bá a jiyàn lórí òtítọ́ rẹ̀. Mo fi báńkì sí ibi tí òun ti dúró, mo wá dúró ti òun. "Ká jọ" ló ṣe iṣẹ́ yẹn. Aṣọ ṣì wà lórí káńtà, kò sì ní kúrò níbẹ̀.

Bó bá tún pariwo, mo tún gbólóhùn yẹn kan náà sọ, mi ò sì fi nǹkan kan kún un. Àfikún la ń fi kọ́ ìjà: bí ẹ bá sọ ìdí mẹ́ta, á gbá ọ̀kan mú, á sì máa fi jà. Lẹ́ẹ̀kejì, mo máa ń rẹ ohùn sílẹ̀ díẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, díẹ̀ sí i, tó fi jẹ́ pé á ní láti dákẹ́ kó tó gbọ́ mi.

Ewu kan wà níbí. Ohùn lè rọ̀ kó jẹ́ èébú ló wà nínú rẹ̀. "Ẹ ṣeun gan-an ni mà, ọ̀gá wa" tí a fi imú sọ, gbogbo ọjà mọ ohun tó jẹ́. Òwe tí a pa mọ́ èèyàn lára náà ńkọ́? Òwe wúlò fún ìlàjà, àmọ́ bí inú bá ń bí yín, ẹ fi í sílẹ̀, torí òwe tó bá jáde lásìkò ìbínú, ọfà ni yóò jẹ́. Mo ka ìwà ọmọlúàbí tí a fi ń gún èèyàn sí ohun tó burú ju èébú gbangba lọ. Ẹni tó bú mi ní gbangba fún mi láǹfààní láti mọ ibi tí mo wà sí i.

Bó bá jẹ́ àgbà

A kì í sọ fún àgbà pé irọ́ ló ń pa. Ẹ lè sọ pé "Kò rí bẹ́ẹ̀, mà", tàbí "Ó jọ pé bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún yín kọ́ ló rí." Irọ́ náà á ti ní ibòmíràn tó ti wá, àgbà á sì rí ọ̀nà padà sẹ́yìn láìtẹ́.

Ohun tó gbà mí ní ọdún púpọ̀ kí n tó mọ̀ ni pé ìkúnlẹ̀ kì í ṣe "bẹ́ẹ̀ ni". Níbi ìsọmọlórúkọ kan, àǹtí ọkọ mi sọ lójú gbogbo èèyàn pé kí n máa kó aṣọ fún àwọn lọ́fẹ̀ẹ́ torí ilé kan náà ni wá, ó sì fi ọ̀rọ̀ ilé tí mo ti wá gún mi lára. Mo kúnlẹ̀. Orí ìkúnlẹ̀ yẹn ni mo wà tí mo fi sọ pé, "Ẹ ṣeun, mà. Mi ò ní lè ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Iye tí mo rà á gan-an ni n ó gbà lọ́wọ́ yín." Ó tún un sọ, mo tún un sọ. Kò sí ẹni tó lè sọ pé mo yájú, kò sì sí ẹni tó gba aṣọ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ṣì ń dun yín lẹ́yìn rẹ̀, ẹ wá àgbà mìíràn tí ó lè bá a sọ ọ́. Àgbà ló ń bá àgbà wí.

Ọ̀gá iṣẹ́ fẹ́ jọ èyí, àyàfi pé ẹ lọ bá òun gan-an ní ọjọ́ kejì, ní kọ̀rọ̀: "Sà, ohun tí ẹ sọ lánàá níwájú gbogbo èèyàn dùn mí. Bí iṣẹ́ mi bá kù díẹ̀ káàtó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè mí sọ́tọ̀."

Ẹ wá onílàjà kí ìjà tó dé

Lọ́dọ̀ wa, ẹni méjì kì í jà títí lójú ọjà láìsí ẹni kẹta. Àǹfààní ńlá ni, àmọ́ ọ̀pọ̀ wa ń dúró dìgbà tí ó bá ti burú. Ohun tí onílàjà ń ṣe ni pé ó ń gba ìtìjú kúrò lára àwọn méjèèjì. Bó bá ní "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ torí tèmi", ẹni tó ń jà lè dáwọ́ dúró láìjọ pé òun ló kọ́kọ́ rẹ̀yìn. Ó ṣe é fún ẹlòmíràn ni.

Èmi àti Ìyá Onígèlè tó wà lódìkejì mi ní àdéhùn. Bí mo bá ké sí i pé kó yá mi ní àlùmọ́gàjí rẹ̀, tó sì rí i pé tèmi so kọ́ sí ara ògiri, á mọ̀ pé ilé ti ń gbóná. Á wá, á kí oníbàárà náà, á béèrè ọ̀nà tó gbà wá. Ẹ wá ẹnìkan báyìí níbi iṣẹ́ yín, kí ẹ sì yan ọ̀rọ̀ tí ẹ ó fi máa pè é. Èyí tó bá kọjá agbára rẹ̀, ìgbìmọ̀ ọjà àti ìyálọ́jà wà fún un.

Nínú dáńfó, kò sí àyè fún gbogbo èyí. Ẹ béèrè ṣéńjì kí ẹ tó wọlé, ẹ mú owó kéékèèké dání, kí ẹ sì rántí pé ọ̀nà náà ò gùn.

Ìgbà tí ó yẹ kí ẹ kúrò níbẹ̀

Bí ẹni náà bá fọwọ́ kàn yín, bó bá ń halẹ̀ pé òun máa ṣe yín ní nǹkan, bó bá ti ń bú ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn yín, bí ọtí bá wà lójú rẹ̀, iṣẹ́ ohùn ti parí. Ẹ sọ gbólóhùn kan, "Mo ń lọ báyìí, a ó sọ ọ́ lọ́jọ́ mìíràn", kí ẹ sì lọ lóòótọ́. Ẹ má dúró kí ó fún yín ní ìdáhùn. Bó bá jẹ́ ní ìsọ̀ yín ni, ẹ pe ẹ̀ṣọ́ ọjà. Àwọn kan tí wọ́n ń lù, tí wọ́n sì ń fi ìwọ̀sí lọ̀ lójoojúmọ́ nílé, ń pe ara wọn ní onísùúrù, ọkàn mi máa ń gbọgbẹ́ bí mo bá gbọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn kì í ṣe sùúrù. Ẹ sọ fún ẹni tó lè gbà yín.

Lórí WhatsApp, ohun kan ṣoṣo ni mo ní láti sọ: ẹ má fi ohùn ránṣẹ́ nígbà tí inú bá ń bí yín. Ẹ kọ ọ́ síbi tí ẹ ń kọ nǹkan ìrántí sí, kí ẹ sùn, kí ẹ kà á láàárọ̀.

Lẹ́yìn tó bá ti lọ

Ẹni náà ti lọ, àmọ́ ìbínú ṣì wà lára yín, ó sì ń wá ibi tó máa sọ̀ sí. Èyí tó ń dùn mí jù nínú gbogbo ìtàn aláǹkárá yẹn ni ohun tí mo ṣe fún ọmọ iṣẹ́ mi lẹ́yìn tí obìnrin náà kúrò. Òótọ́ ni pé òun ló wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdajì yáàdì ni mo bá a wí lé lórí. Gbogbo ohun tí obìnrin yẹn sọ sí mi ni mo kó lé e lórí. Ọmọ ọdún 17 ni. Kò jẹun lọ́jọ́ náà.

A máa ń rò pé bí a bá sọ ọ́ jáde, bí a bá ro ó fún èèyàn mẹ́wàá, á fúyẹ́. Ní 2002, Brad Bushman, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣesí ẹ̀dá tó ń ṣiṣẹ́ ní Iowa State University ní Amẹ́ríkà nígbà náà, gbé ìwádìí kan jáde lórí akẹ́kọ̀ọ́ 600. Wọ́n jẹ́ kí inú bí wọn sí ẹnìkan tó bu ẹnu àtẹ́ lu ohun tí wọ́n kọ. Àwọn kan lu àpò tí àwọn akànṣẹ́ ń lù, wọ́n ń ronú nípa ẹni náà bí wọ́n ṣe ń lù ú. Àwọn mìíràn kàn jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 2. Àwọn tó ń lu àpò yẹn ni inú wọn tún bí jù lẹ́yìn rẹ̀.

Nítorí náà, mo máa ń jókòó sórí àpótí lẹ́yìn ìsọ̀. Mi ò ní pe ẹnikẹ́ni lórí fóònù. Mo máa ń mu omi, mo máa ń wo àwọn tó ń kọjá. Bó bá gba kí n sọ ọ́, ẹnìkan ni mo ń sọ ọ́ fún, lẹ́ẹ̀kan, mo sì máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí èmi ti ṣe àṣìṣe. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo máa ń pe ọmọ iṣẹ́, bó bá kan òun, tí mo á fi aṣọ gidi kọ́ ọ bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n.

Ẹni tó rí yín fín lè padà wá. Ọjà nìyẹn, àdúgbò nìyẹn, mọ̀lẹ́bí nìyẹn. Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ kí i: "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta." Ẹ má dárúkọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bó bá dárúkọ rẹ̀, ẹ gbọ́ ọ, kí ẹ sì jẹ́ kó kúrú.

Obìnrin aláǹkárá padà wá lẹ́yìn oṣù méje, òun àti ọmọ rẹ̀ tó ń múra ìgbéyàwó. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà fúngbà díẹ̀. Mo kí i, ó dáhùn. Ó mú àwọ̀ tó fẹ́, ó ní yáàdì 6. Mo tú aṣọ náà sílẹ̀ lórí káńtà, mo na orí rẹ̀ kan sí i, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ bá mi di ibí yìí mú." Ó dì í mú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n, àwa méjèèjì sì ń kà á sókè.